Kì í ṣe gbogbo ọjà Disney ni pàǹtí

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé pàǹtí olówó gọbọi ni gbogbo ohun ìrántí tí wọ́n ń tà ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Disney. Mo gbà fún un dé ààyè kan. Ife, fìlà àti kíhódà tó kún àtẹ, Mickey kan náà ni, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ọdún ara rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dé EPCOT, ọgbà ìgbafẹ́ Disney kan ní Florida, èyí tí wọ́n ṣí ní 1982? Orílẹ̀-èdè 11 ló ní ààyè níbẹ̀. Ní ti Japan, Mitsukoshi, ilé ìtajà àtayébáyé tiwọn fúnra wọn, ló ń pàtẹ: kimono, abọ́ amọ̀, ọtí sake. Ojúlówó ni, ẹni tó bá mọjú ọjà á mọ̀.

Tiwa ló wá ń dùn mí. Morocco nìkan ló ṣojú Áfíríkà nínú 11 yẹn. Ìyókù wa, ibùdó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Outpost, láàárín China àti Jámánì, ni wọ́n kó wa pọ̀ sí: ìlù díẹ̀, ère igi díẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ kan igbá fínfín Ọ̀yọ́ tàbí àdìrẹ Ìtòkú, kí ló fẹ́ rà níbẹ̀?

Ẹ̀yin òbí tó ń lọ sí Orlando ní Florida níbẹ̀, fìlà elétí Mickey ni kí ẹ rà. Wọ́n á fi òwú rán orúkọ ọmọ sí i lẹ́yìn, torí pé lórí àtẹ kíhódà olórúkọ, Emma àti Jack lẹ máa bá, ẹ ò lè rí Ọláyínká.