Sẹ́lótéèpù Kò Lè Gba Sítíkà Yín Lọ́wọ́ Òróró

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìyá kan gbé ìgò òróró irun wá, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ sì ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà fi sẹ́lótéèpù bo sítíkà ara ìgò yìí, kò sóhun tó máa ṣe é.” Mo ní kí n dákẹ́, ẹnu kọ̀.

Èmi náà ti fi bò ó rí. Ìgò 40 ni mo ṣe nígbà náà, àdín àgbọn tí mo kán òróró peppermint àti rosemary sí. Pírintà inkjet ilé ni mo fi tẹ sítíkà sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi téèpù yí ìgò ká. Ó ń dán gbinrin. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oníbàárà kan fi fọ́tò ránṣẹ́: etí téèpù ti ṣí, òróró ti rá wọ abẹ́ rẹ̀, orúkọ ọjà mi ti di àbàwọ́n kan báyìí. “Àǹtí, kí lẹ kọ síbí?”

Omi ọ̀tọ̀, òróró ọ̀tọ̀. Omi kì í tètè wọ téèpù, mo gbà. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn téèpù ni òróró ń bá jà. Ẹ wo òróró èèpo ọsàn: limonene lé ní ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, limonene yìí kan náà ni wọ́n sì ń fi sínú oògùn tí wọ́n fi ń yọ gọ́ọ̀mù sítíkà kúrò lára ìgò! Òun lẹ wá fẹ́ kí téèpù dúró dè? Ẹ kán òróró èèpo ọsàn sí ike takeaway funfun tó fúyẹ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní styrofoam, kí ẹ wò ó. Èmi ṣe é lórí tábìlì ìdáná. Ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọnú, ó lu jáde sódì kejì, ìyókù wá lẹ̀ mọ́ tábìlì bíi ṣingọ́ọ̀mù.

Àwọn kan á ní tàwọn ò bàjẹ́ rí. Ẹ bi wọ́n bóyá ìgò náà kúrò lórí pẹpẹ rí. Lára ọṣẹ tí òórùn rẹ̀ ò tó nǹkan, téèpù lè gbé e díẹ̀, ó parí.

Sítíkà oníke, tí kì í ṣe ìwé, ni mò ń lò báyìí, irú èyí tí wọ́n ṣe fún pírintà laser, kó má lọ yọ́ sínú ẹ̀rọ. Íǹkì laser kì í ṣe omi aláwọ̀, lúbúlúbú ike tí iná yọ́ mọ́ ọn ni. Tí òróró ọsàn bá pọ̀ nínú ọjà yín, òun náà lè rọ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ thermal transfer, èyí tó ń fi ooru tẹ íǹkì láti ara ríbọ́ọ̀nù sórí sítíkà, kó sì jẹ́ ríbọ́ọ̀nù resin ló ń lò. Kí n tó lẹ̀ ẹ́, mo máa ń fi sípírítì nu ara ìgò; tí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Láti dán an wò, mo á kán òróró sí ọ̀kan mọ́jú, mo á fi àtàǹpàkò rá a láàárọ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ra téèpù méjì.