Àgbọ̀nrín èṣí ni ẹ ń jẹ lọ́bẹ̀

Ní ìpàdé àwa ọlọ́dẹ abúlé wa tó kọjá, olúọdẹ gbé àbá kan kalẹ̀: kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan má ṣe pa ju àgbọ̀nrín méjì lọ láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yìnbọn lu abo rárá. Títí di òní, kò sí òǹkà kankan láàárín wa. Iye tí ọwọ́ bá tẹ̀ là ń gbé wálé. Bàbá kò tíì jókòó tán tí ẹ̀gbọ́n kan fi dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹran igbó kì í tán. Ó kàn sá lọ ni, bó bá yá á padà." Ni gbogbo ilé bá ń pariwo pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi, mo gbọ́ ọ níbi òkú àgbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta ẹran gbígbẹ létí títì láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. Láìpẹ́ yìí, ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pa ju ọ̀kẹ́tẹ́ lọ wò mí lójú, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹran igbó ń tán. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ wa ń tán, àwa la sì ń pa á tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú "ó sá lọ" yìí. Ẹni tó bá ti dẹ àgbọ̀nrín dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ẹran arìnrìn-àjò. Kì í ṣe ẹfọ̀n tó ń kó agbo rìn kiri. Etí odò, nínú igbó dídí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ju oko èèyàn mélòó kan lọ tó o lò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà tó ń tọ̀, ó ní ibi tó ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án, ó ní ibi tó ń yọ sí lójú alẹ́ láti jẹ ewé ẹ̀wà wa. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi lè ṣọ́ ẹran kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lónìí, kò ní bínú, ó mọ̀ pé lọ́la tàbí ọ̀túnla á tún gba ibẹ̀ kọjá. Ẹran tó báyìí, tó bá wá di ọdún méjì tí ẹ ò rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ odò mọ́, ibo lẹ rò pé ó lọ? Ìkòkò ló lọ.

Síbẹ̀ mo ní kí n má fi ti abúlé wa nìkan sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ tí mo ń ṣe máa ń gbé mi kiri, ibi tí mo bá sì dé, mo máa ń béèrè ilé olúọdẹ kí n lọ kí i. Ìbéèrè mi kò yí padà: bàbá, àgbọ̀nrín yín dà? Ní Òkè-Ọdẹ, wọ́n ní ó ti sá lọ sápá Ìsin. Àwọn ará Ìsánlú-Ìsin ní ọ̀nà Èkìtì ló gbà lọ. Ní Òsì, bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí, tó ń fi epo nu ẹnu ìbọn rẹ̀, na ìka sí ọ̀nà Òmù-Àrán, níbi tí mo ti wá, ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín náà ló mà wà." Mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo wa ń na ìka sí ara wa, kò sì sẹ́ni tí ẹran ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ wá gan-an ni pé òyà là ń rí, a sì ń fi ojú òyà wo àgbọ̀nrín. Òótọ́ ni pé òyà kò tíì tán. Ẹni tó bá fi iná sun pápá lónìí, á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òyà ṣe ń bí. Oyún rẹ̀ kò ju bí oṣù 5 lọ, ó lè bí mẹ́ta, ó lè bí mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Irun ti wà lára àwọn ọmọ yẹn, ojú wọn ti là, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ń rìn. Tọ́kẹ́tẹ́ tún yá ju ìyẹn lọ, oyún tirẹ̀ bí oṣù kan ni. Oko wa gan-an tún ń bọ́ wọn, ibi tí ẹ bá ti gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ẹ ti sè fún òyà nìyẹn.

Àgbọ̀nrín ńkọ́? Oṣù 6 ló fi ń lóyún. Ọmọ kan ló ń bí, ìbejì ṣọ̀wọ́n. Kí abo tó bí àkọ́bí rẹ̀, á ti sún mọ́ ọmọ ọdún méjì. Bó bá sì bí i tán, kì í mú un rìn. Ó ń fi ọmọ náà pamọ́ sábẹ́ ewé, á lọ jẹko, á padà wá fún un lọ́mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yìnbọn lu abo lóru, ṣé ẹ ti rò ó rí pé ọmọ kan lè wà níbì kan tó ń dúró, tí kò ní sunkún, tí kò ní jáde, nítorí pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn?

Ẹ fún mi láyè ìṣirò díẹ̀. Odò mẹ́rin ló gba inú igbó tí à ń dẹ. Ká ṣe ẹran náà lóore, ká ní abo mẹ́wàá wà létí odò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé wọn ò tó ìdajì ìyẹn. Ogójì abo, ogójì ọmọ láàárín ọdún. Ère á gbé nínú wọn, iná ẹ̀ẹ̀rùn á jó nínú wọn, ajá oko á pa nínú wọn. Ká ní ìdajì là, ogún nìyẹn. Ọdẹ méjìlélógún la wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Bí a bá pa ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré, a ti fi méjì jẹ gbèsè. Bó bá sì jẹ́ méjì méjì tí olúọdẹ dá, tí ẹ ń pariwo lé lórí pé ó ti kéré jù, mẹ́rìnlélógójì nìyẹn. Ta ló máa bí ìyókù?

Èmi náà jẹ̀bi, mi ò ní fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta sẹ́yìn, mo de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, mo tẹ̀lé etí odò. Ojú méjì ni mo rí, ó ń dán nínú koríko, kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ń ṣe tí iná bá mú un lójú, á dúró gbagidi bí ẹni wọ́n pè lórúkọ. Mi ò rí orí rẹ̀ débi tí mo fi máa mọ̀ bóyá ìwo wà níbẹ̀, akọ nìkan ló sì ń ní ìwo. Mo yìn ín. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi ló là á. Ó la ikùn rẹ̀, ó dúró, ó pè mí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ti pé ẹran, tótòtó funfun ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíńtín ni etí rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ orí. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú. Ìyàwó mi fọ ọ̀bẹ, ó wọlé lọ. Kò jẹ nínú ẹran yẹn. Láti ìgbà náà, mi ò de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí lọ sí igbó mọ́.

Bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní òpó kan ní ẹ̀yìnkùlé tó máa ń fi ọ̀bẹ gé. Àgbọ̀nrín kan, ojú ọ̀bẹ kan. Bí ọdún bá yí, á fa ìlà gígùn sábẹ́ rẹ̀. Òpó náà ṣì wà, mo sì ka a lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Ní ọdún tí wọ́n bí mi, ojú ọ̀bẹ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ìbọn ṣakabùlà ló sì fi pa wọ́n. Ìbọn tó ń dún lẹ́ẹ̀kan. Kó tó rọ ẹ̀tù, kó ki ọta, kó fi ọ̀pá gún un, ẹran kejì ti dé òdìkejì odò. Àtùpà kábáìdì tó ń lò nígbà tó ṣe, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Lónìí a ní ìbọn olójú méjì, a ní tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn bí iná ọkọ̀, a ní ọ̀kadà tó ń gbé wa dé ibi tí bàbá mi máa fi ọjọ́ méjì rìn, oníbàárà sì ń pè wá lórí fóònù láti Ìlọrin kí ẹran tó kú. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, gbogbo wa lápapọ̀, mẹ́rin la pa ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mẹ́rin! Bàbá mi nìkan ṣoṣo ń pa ju ìyẹn lọ lọ́dún tí kò dára. Ẹni tó bá ní ẹran kò tán, kó wá ka òpó yẹn pẹ̀lú mi.

Wọ́n tún ní ohun tí wọ́n gbójú lé. Bàbá kan yọ fóònù níbi ìpàdé, ó fi fọ́tò tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà hàn wá: àgbọ̀nrín mẹ́rin ń jẹ koríko níwájú ilé. Ó ní, "Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pa á níbẹ̀, ẹ wò ó, ṣé ó tán?" Bàbá, kò tán nítorí pé ó ti fẹ́ tán rí. Nígbà tí ọdún 1900 fi máa dé, wọ́n ti pa àgbọ̀nrín onírù funfun wọn tà débi pé èyí tó kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju bí 300,000 sí 500,000 lọ. Ní Pennsylvania, láti ọdún 1906, ṣe ni wọ́n ń kó àgbọ̀nrín láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá tú sínú igbó, wọ́n sì fòfin de pípa abo ní 1907. Ní 1937, ìjọba àpapọ̀ ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran igbó, lónìí, ìdá 11 nínú 100 ni lórí ìbọn gígùn àti ọta. Ọdẹ tó bá fẹ́ pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, iye tí ìwé bá sọ ló máa pa, ní oṣù tí wọ́n bá dá. Lónìí, wọ́n tó bí mílíọ̀nù 30. Ní ibi tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fi kún iye abo tí ọdẹ lè pa, níbi tó bá ti dín, wọ́n á yọ kúrò. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ náà ń bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọọdún. Iye tó yẹ ni wọ́n ń jà lé. Fọ́tò tí bàbá fi ń gbè yín lẹ́sẹ̀, òǹkà ló bí i.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ẹyẹlé igbó kan wà nígbà kan tó jẹ́ pé bí agbo rẹ̀ bá ń fò kọjá, á bo oòrùn lójú. Bílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka a. Wọn ò dá iye fún ẹnikẹ́ni lórí tirẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kú sínú àgò ní Cincinnati ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914.

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà. Àwa tí ìtàn sọ pé Ìlọrin gba orúkọ lára òkúta tí ọdẹ fi ń lọ irin, ìjálá wa kún fún erin, ó kún fún ẹfọ̀n, ó kún fún kìnnìún. Ta ló ti rí kìnnìún nílẹ̀ Ìgbómìnà nínú yín? Ní gbogbo Nàìjíríà, ọgbà ẹranko Kàínjì àti ti Yankari nìkan ló kù sí, wọn ò sì pọ̀. Ilẹ̀ Borgu tí apá Kàínjì tó gba kìnnìún yẹn wà, lábẹ́ Kwara wa níbí ló wà títí di 1991. Ṣé kìnnìún náà sá lọ ni?

Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló dá ẹran, òun ló mọ bó ṣe máa pọ̀ sí i, mi ò bá a jà. Ọlọ́run yẹn náà ló fi ọmọ kan sínú abo fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ̀wà òun, kó ṣọ́ oko rẹ̀. Ti màlúù àti ti àwọn tó ń gé igi tà, mo gbà pé ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, mi ò sì lè sọ iye tí ọwọ́ tiwọn pa àti iye tí tiwa pa. Ṣùgbọ́n tiwa ló wà ní ìkáwọ́ wa.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ti sún mọ́. Bí olúọdẹ bá béèrè, ẹyọ kan ni màá sọ, akọ nìkan, ìyẹn náà fún ọdún mẹ́ta, ká tún lọ wo etí odò. Mo mọ̀ pé wọ́n máa hó lé mi lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gba ibi tí bàbá mi ti máa ń ṣọ́ ẹran kọjá, mo sì rí ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tútù. Pátákò àgbà kan, tó wọlẹ̀, ti kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tó ìka mi méjì. Mo fi ewé bò ó kí n tó kúrò níbẹ̀. Mi ò tíì sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ mi.