Ìtàn Ibùdókọ̀ Itakpe: Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Nísinsin Yìí

Ojú irin tó ti Èkó gòkè wá kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi bíi Yàgbà, rí. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, lẹ́yìn náà ló gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà, kó tó forí lé Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ẹ jókòó ti àgbà Yàgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ rélùwéè. Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ Ọ̀fà kó tó dárúkọ Èkó, kó sì fọwọ́ júwe ẹrù tí wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí mọ́jú àti èéfín tó sọ aṣọ funfun di dúdú. Ẹnu ni púpọ̀ nínú ìtàn náà wà, àwọn ẹnu ọ̀hún sì ń dín kù lọ́dọọdún.

A kò fẹ́ kí ti ibùdókọ̀ ojú irin Itakpe, nítòsí Òkènè ní ìpínlẹ̀ Kogi, rí bẹ́ẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà, kó lè máa kó òkúta irin láti orí òkè Itakpe lọ sí Àjàòkúta àti Aladja nítòsí Warri, ṣùgbọ́n ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Lónìí, èrò Kàbà tó ń lọ sí Warri lè gba Òkènè lọ wọkọ̀ ojú irin ní Itakpe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ yìí kan àwa náà.

Èrò wa ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti iléeṣẹ́ rélùwéè jọ rán àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè Ẹbira dáadáa lọ sí àwọn ìletò tó yí ibùdókọ̀ náà ká, kí wọ́n gba ohùn àwọn tí oko wọn di ojú irin àti ti àwọn lébìrà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní Òkènè, Kàbà àti Lọ́kọ́jà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà wa ti bàjẹ́, ta ni ń jẹ ìtàn? Òótọ́ ni pé ọ̀nà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù tó ń gba ohùn kò tó owó ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba sì ti ń sọ ọ́ pé ojú irin yìí yóò gùn dé Àbújá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oko mìíràn tún máa lọ sí i, àwọn tó ni ín yóò sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe owó gbà-má-bínú fún àwọn ti àkọ́kọ́.

Kí wọ́n má sì gbàgbé pé kò tíì sí ìpínlẹ̀ Kogi nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Kwara ni àwa Òkun àti àwọn Ẹbira wà títí di August 1991. Ìlọrin ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá ìwé ilẹ̀ ìgbà náà. Ní ti ohùn àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n lọ gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí òjò tó kó wọn padà sóko.