Ta Ni Wọ́n Ti Ìlẹ̀kùn Jàpáànù Mọ́?

Ó ti sú mi. Bí ọ̀rọ̀ títi ẹnubodè bá ti délẹ̀ ní Nàìjíríà báyìí, ẹnìkan á ṣáà fa Jàpáànù yọ: "Wọ́n tilẹ̀kùn fún ọdún 200 ó lé, ẹ wò wọ́n lónìí!" Ẹ jọ̀ọ́, ìlẹ̀kùn yẹn ò tì pa rí. Shogun, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, ló gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó so ó mọ́dìí ara rẹ̀.

Ẹ wo ọdún 1635. Shogun Tokugawa Iemitsu pàṣẹ pé ọmọ Jàpáànù tó bá lọ sókè òkun, tàbí tó bá tibẹ̀ padà wálé, pípa ni. Ọdún yẹn kan náà ló sọ ọ́ di òfin pé kí daimyo, ìyẹn ìjòyè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tirẹ̀, máa lo ọdún kan ní Edo (Tokyo òní) níbi tí shogun wà, ọdún kan lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó àti àrólé rẹ̀ ń gbé Edo bí ohun ìdógò. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ tó ń ru ju ìrẹsì 500 koku lọ (koku kan tó nǹkan bí kílò 150). Àwọn daimyo Kyushu, erékùṣù ńlá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù, ni òwò Potogí ti fún ní ìbọn àti owó láyé àwọn bàbá wọn. Àwọn daimyo yìí gan-an ni shogun ń ṣọ́!

Òwò ò dúró. Láti 1641, Dejima ní Nagasaki ni wọ́n kó àwọn oníṣòwò Dutch (ará Netherlands) sí, erékùṣù àtọwọ́dá tó rí bí abẹ̀bẹ̀, afárá kan, ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu rẹ̀. Oníṣòwò Nagasaki 25 ló náwó sí i, wọ́n sì ń gba owó ilé. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n á kó ìbọn àti ẹ̀tù inú rẹ̀ lọ pamọ́, wọ́n á kó Bíbélì sínú àpótí nítorí wọ́n ti fòfin de ẹ̀sìn Kristi, wọ́n á kàn án níṣòó pa. Àwọn ògbufọ̀ á wá béèrè ìròyìn ayé, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Edo. Òwú sẹ́dà ń wọlé, fàdákà àti bàbà ń jáde. Ní 1715 tí bàbà fẹ́ tán, wọ́n fi ọkọ̀ Dutch mọ sí 2 lọ́dún, ti Ṣáínà sí 30. Àwọn ará erékùṣù Tsushima náà ń bá Kòríà ṣòwò pẹ̀lú àṣẹ shogun.

Àwọn tó dùn mí jù ni àwọn tí òfin yìí sé mọ́ta. Àwọn ọmọ Jàpáànù tó ń gbé Ayutthaya (ní Thailand òní), Hoi An (Vietnam) àti Manila (Philippines), ilé déédéé di èèwọ̀ fún wọn. Ní 1639, wọ́n kó àwọn obìnrin Nagasaki àti Hirado tó bímọ fún òyìnbó, tìyá tọmọ, ó di Batavia (Jakarta òní), ìlú tó wà lábẹ́ àwọn Dutch. Kí ni ọmọdé fẹ́ fi shogun ṣe?

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ Shimabara, ti àwọn àgbẹ̀ Kyushu tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kristẹni, rì ní 1638, ó ju ọdún 200 lọ kí ogun ńlá tó tún jà níbẹ̀. Sípéènì sì ti gba Manila láti 1571, ẹ̀rù Iemitsu pé òyìnbó lè gba ilẹ̀ òun náà kì í ṣe lásán. Èmi gbà pé àwọn ìyàwó tó wà ní Edo ló kó àlàáfíà yẹn wá, ju afárá Dejima lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé ọ̀kan ìbá dúró láìsí èkejì.