Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń lé ikọ́ fée lọ ráúráú

Níbi ìkómọ kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo yọ ínhélà, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì mí wò mí tàánú-tàánú. “Àbúrò, ìdí nǹkan yìí lo ṣì wà? Abẹ́rẹ́ ti wà ní London. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ikọ́ fée á lọ ráúráú.” Gbogbo tábìlì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Abẹ́rẹ́ wà lóòótọ́. Ọdún 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí omalizumab l'Amẹ́ríkà, mepolizumab ní 2015, tezepelumab ní 2021. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo” yẹn ni irọ́. Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni. Benralizumab, lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni.

Ẹ wo mepolizumab. Nínú ara àwọn kan, IL-5, èròjà kan tí ara fi ń ránṣẹ́, ló ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n ń pè ní eosinophil jọ, tí wọ́n á ya bo ọ̀nà èémí, tí ibẹ̀ á wú. Abẹ́rẹ́ yìí ń dí IL-5 lọ́wọ́, bí ìgbà téèyàn gba fóònù lọ́wọ́ olórí jàǹdùkú. Olórí náà ò kú o. Tí o bá dẹwọ́, á ra fóònù mìíràn.

Kò sì wúlò lóru tí èémí bá há lójijì. Ti ínhélà aláwọ̀ búlúù nìyẹn. Àwọn tó ń gbà á ṣì ń fa ínhélà ojoojúmọ́ wọn. Ẹni tí ínhélà tó lágbára, tó ń lò dáadáa, kò bá ràn lọ́wọ́ tó ni wọ́n ń fún, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nílẹ̀ wa, wọ́n tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá aràn ló ń jẹ́ kí eosinophil pọ̀, nítorí aràn náà máa ń fà á.

“Tó ń lò dáadáa” yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tẹ ínhélà kí n tó mí sínú, tí oògùn ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi: gbọ̀n ọ́n, mí jáde tán, bí o bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ ni kí o tẹ̀ ẹ́, sé èémí, kà dé mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ní ọmọ àwọn náà ní ínhélà kan nílé. Wọ́n rán ọmọ náà lọ gbé e wá. Ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀.