Oṣù mẹ́ta kọ́ ni abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù

"Oṣù mẹ́ta péré ni. Wàá bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wàá sanwó, ọ̀rá á yọ́, ó parí." Láti Ìtòkú dé Pánṣẹ́kẹ́, ohun tí mò ń gbọ́ nípa Ozempic, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń dín ìsanra kù, nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Abẹ́òkúta níbí. Irọ́ ni, owó ńlá sì ni irọ́ náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ kó owó àjọ rẹ̀ lé e lórí. Ó ṣírò iye tí àwọn tó ń tà á lórí fóònù dá lé e lọ́nà mẹ́ta, ó pé. Oṣù kejì wọlé, owó lọ sókè. Ó pè mí: "Nọ́ọ̀sì, ṣé gbájúẹ̀ ni wọ́n ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi hàn yín. Wọn ò sọ èyí tó kù fún yín ni."

Semaglutide ni oògùn inú Ozempic, òun náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ míì tó ń jẹ́ Wegovy. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. 0.25 mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìwọ̀n yẹn ò sì sí fún kí èèyàn fọn. Kí ara lè mọ̀ ọ́n ni, torí èébì àti inú rírun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ti Wegovy, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16 kó tó dé 2.4 mg. Oṣù mẹ́ta yín á ti pé, ẹ ò ní tíì dé ojú ìwọ̀n.

Kì í sì í yọ́ ọ̀rá. Ó ń ṣe bí ohun kan tí ìfun wa máa ń tú jáde tá a bá jẹun, tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó. Ẹni tó ń jẹ òkèlè láfún mẹ́wàá á jẹ mẹ́ta, á fọwọ́. Tí oògùn bá kúrò lára, ebi àtẹ̀yìnwá á padà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi èèyàn 1,961 ṣe, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 fọn tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn. Ó dára gan-an, mi ò ní fi dù ú. Àmọ́ wọ́n tọ àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró: ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, téèyàn ń lò lọ, ni kí ẹ máa wò ó.

Owó dókítà lọ́tọ̀, owó oògùn lọ́tọ̀, owó ẹni tó máa fi yìnyín gbé e wá lọ́tọ̀. Èyí tí a ò tíì lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Inú fìrísà ni mo ti bá ti ẹ̀gbọ́n mi, láàárín ẹja tútù àti ọ̀rá ata lílọ̀, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ tó rí bíi báírò náà ti dì gbagidi. Èyí tó bá sì ti dì, dídànù ni, bó tiẹ̀ yọ́ padà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìdí ìró nu omi ara rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Dókítà orí fóònù kì í ṣe ayédèrú torí pé orí fóònù ló wà. Ìbéèrè rẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú jẹjẹrẹ thyroid (ẹ̀yà ara kan tó wà níwájú ọrùn) tí wọ́n ń pè ní medullary, bóyá ẹ fẹ́ lóyún (ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ fún oṣù 2), àti oògùn tí ẹ ń lò. Ìwúwo àti gíga nìkan ni wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi. Glibenclamide ló ń lò fún àtọ̀gbẹ, àwọn méjèèjì lápapọ̀ sì lè fa ṣúgà ara wálẹ̀ débi tí èèyàn á máa gbọ̀n, á máa làágùn. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ti ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n: èló ni mo máa san ní oṣù karùn-ún, èló ní oṣù kejìlá? Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí wọn níṣojú mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, wọn ò tíì fèsì.