Ẹ Má Gba Èdè Ilé Lẹ́nu Ọmọ

Ìmọ̀ràn kan ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti dókítà kan, a sì fẹ́ kí wọ́n gbé e sọnù. Bí ọmọ ò bá tètè sọ̀rọ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan ní kíláàsì, wọ́n á fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Èdè méjì ló ń da ọpọlọ rẹ̀ rú. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ pa ìkejì tì." Ìyá á pa èdè tó fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún tì, á wá máa fi èdè tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bá a sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ á dínkù nínú ilé.

Orí ìwádìí àtijọ́ ni ìmọ̀ràn yìí dúró lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn kan dán ọmọ elédè méjì wò, wọ́n ní ọpọlọ wọn kò já fáfá. Wọn ò bìkítà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ tálákà. Ní 1962, àwọn olùwádìí méjì, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert, fi àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ipò òbí wọn jọra, elédè kan àti elédè méjì, wé ara wọn ní Montreal, ní Kánádà. Àwọn elédè méjì ló ṣe dáadáa jù.

Òótọ́ ni pé èdè tí ènìyàn kò sọ lọ́wọ́ kì í sùn nínú ọpọlọ. Ní 1999, Michael Spivey àti Viorica Marian kó àwọn tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì jọ, wọ́n ń ṣọ́ ibi tí ojú wọn ń lọ. Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ní kí wọ́n gbé sítáǹbù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "marka". Nígbà mìíràn, kí ojú tó dé orí sítáǹbù, á ti yà sára gègé kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "marker", bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

Ṣé ẹni tó ń yan ọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ báyìí kò ní mọ bí a ti ń pa ọkàn pọ̀ ju ẹlòmíràn lọ? Ẹ fi tádàwà aláwọ̀ ewé kọ "pupa", kí ẹ ní kí ènìyàn dárúkọ àwọ̀ tádàwà náà: ẹ ó rí bí ahọ́n á ṣe fẹ́ tàsé. Ní 2004, Ellen Bialystok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà sọ pé irú ìdánwò atannijẹ bẹ́ẹ̀ máa ń rọ elédè méjì lọ́rùn, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ìròyìn náà dùn, ó sì tàn ju bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe lágbára lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn wo ọmọ 4,524 ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, wọn ò rí àǹfààní kankan níbi àfiyèsí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn elédè méjì mọ̀ kéré díẹ̀. Kò yani lẹ́nu: àwọn ọ̀rọ̀ yòókù wà nínú èdè kejì.

Nítorí náà, a kò ní bá ẹnikẹ́ni ta èdè bí oògùn ìsọ̀yè. Ọmọ nílò èdè ìyá rẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ìyẹn sì tó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí òbí pa èdè kan tì ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó lè jẹ́ etí ló ń dun ọmọ, ó sì lè jẹ́ pé èdè tó gbọ́ díẹ̀ nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ àti ìlera kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ wọn pé a gbọ́dọ̀ yẹ etí ọmọ wò, ká sì fi gbogbo èdè tó ń gbọ́ dán an wò, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ní kí wọ́n pa èdè wọn tì ńkọ́? Kí wọ́n pè wọ́n padà, kí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀.